Àìsàn Kan, Kì Í Ṣe Márùn-ún: Bí A Ṣe Lè Tètè Rí Scleroderma

Ní Dọ̀pẹ̀mú ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá tó gba Abẹ́òkúta lọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lè bá olùtọ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kẹ́místì wà, alágbo wà, nọ́ọ̀sì wà, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà, wòlíì àti àfáà náà wà. Bó bá jẹ́ ibà ni, ọ̀kan nínú wọn lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbé e yí gbogbo wọn ká, olúkúlùkù á rí apá tó kàn án, kò sì ní sẹ́ni tó máa rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ti tó ọmọ ogójì ọdún, tó ń ta ẹja inú yìnyín, ṣe àpẹẹrẹ. Ìka rẹ̀ máa ń wú láàárọ̀. Bó bá ki ọwọ́ bọ inú fírísà, ìka náà á kú tipiri, á sì máa ro ó. Kẹ́místì ní làkúrègbé ni. Nígbà tó yá, oúnjẹ ò lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun mọ́, àyà sì ń ta á. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Àwọ̀ ọrùn àti àyà rẹ̀ ń ṣe tótòtó. Àwọn aládùúgbò ní ìpara ló ń bó o. Ikọ́ gbígbẹ dé. Wọ́n ní kó lọ yẹ ikọ́ ife wò. Ìka rẹ̀ wá ká kò, awọ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ ń dán. Ẹnì kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Orúkọ ń pọ̀ sí i, owó ń lọ, ọdún ń gorí ọdún. Bẹ́ẹ̀, àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é láti ọjọ́ tí ìka rẹ̀ ti kọ́kọ́ wú.

Systemic sclerosis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Scleroderma ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Kò ràn, kò sì wá láti ọ̀dọ̀ kòkòrò kankan. A kò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá tètè rí tirẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ wò kí nǹkan tó bàjẹ́, ó lè pẹ́ láyé kó sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí nígbà tí mímí ti di wàhálà, ìtọ́jú tirẹ̀ nira gan-an. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ

Nínú ara gbogbo wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe fọ́nrán líle tó ń jẹ́ kólájìn. Kólájìn ló ń dí ojú ọgbẹ́, òun náà ló ń mú kí awọ le dúró. Bí ọgbẹ́ bá ti jiná, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á sinmi. Nínú scleroderma, wọn kì í sinmi. Wọ́n dà bíi bíríkìlà tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilé ti parí, tó ń rẹ́ ògiri lọ títí sìmẹ́ńtì fi dí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín á kọ́kọ́ farapa, ojú wọn á sì dín, pàápàá ní ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Ètò ààbò ara, èyí tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, á dojú kọ ara ẹni fúnra rẹ̀. Kólájìn á wá máa pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú awọ, lọ́nà ọ̀fun àti ìfun, nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú iṣan ọkàn. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn kan náà fi lè ní ìka líle, àyà títa àti ikọ́ gbígbẹ.

Ọ̀nà méjì ni àìsàn náà máa ń gbà yọ. Nínú èkíní, ìka, ọwọ́ títí dé ìgúnpá, ẹsẹ̀ títí dé orúnkún àti ojú ni awọ ti máa ń le, kì í sì í yára. Nínú èkejì, ó máa ń gun òkè apá, itan, àyà àti ikùn, ó sì máa ń le láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín máa ń wà nínú ewu jù.

Ó pẹ́ tí aráyé ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1753, Carlo Curzio, oníṣègùn kan ní ìlú Naples ní Ítálì, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 17 kan tí awọ gbogbo ara rẹ̀ ti le. Ní 1862, Maurice Raynaud ní Faransé ṣàpèjúwe bí ìka ṣe ń funfun tó sì ń kú nínú òtútù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àmì yẹn títí di òní. Ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ni wọ́n ń ṣe àyájọ́ àìsàn náà kárí ayé, nítorí ọjọ́ náà ni Paul Klee, gbajúmọ̀ ayàwòrán tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé scleroderma ló pa á, kú ní ọdún 1940.

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, pé kò sí láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Èkó wà lára ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rí ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò, oníṣègùn oríkèé-ara tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Oguntona, tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2009 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní scleroderma. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kó ìtàn ìlera àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní 1,000 tó ní àìsàn náà jọ, wọ́n sì rí i pé ní nǹkan bí ọmọ ọdún 39 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Bí wọ́n bá fi àwọn aláwọ̀ dúdú wé àwọn aláwọ̀ funfun, tiwa ló máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, òun ló sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ jù. Àwọn obìnrin tó ní in pọ̀ ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀

Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, ìka ni àìsàn yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìka á kú nínú òtútù tàbí nígbà tí ọkàn bá dàrú, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, bó bá sì ń móoru padà á máa ta á. Ìwé àwọn òyìnbó á ní ó máa ń funfun, á di aró, á wá pọ́n. Lára ẹni dúdú, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè má hàn kedere. Orí ìka, abẹ́ èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ ni ká ti wò ó. Ká sì béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá ìka rẹ̀ máa ń kú tàbí ro ó nígbà tó bá mú omi dídì, tó bá wà nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tàbí nígbà ọyẹ́. Ooru Èkó lè fi àmì yìí pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni lásán. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìka rẹ̀ ń kú nínú òtútù kò ní scleroderma, kò sì ní ní in láé. Ohun tó yẹ kó ta wá jí ni kí àmì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, kí ìka tún máa wú tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka ò wọlé mọ́, tàbí kí egbò kéékèèké máa yọ lórí ìka láìsí ohun tó gún un.

Àmì kan wà tó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Àwọ̀ awọ á ṣí ní ọrùn, ní àyà, ní iwájú orí tàbí ní ẹ̀yìn ọwọ́, ṣùgbọ́n dúdú á ṣẹ́ kù yí ihò irun kọ̀ọ̀kan ká, tí á fi dà tótòtó. Bí ìpara bá bó ènìyàn, kì í fi dúdú sílẹ̀ yí ihò irun ká báyìí. Ó yẹ kí aṣerunlóge, aránṣọ àti ẹni tó ń kun èékánná mọ àmì yìí, nítorí àwọn ni wọ́n ń rí ọrùn àti ọwọ́ àwọn obìnrin wa nítòsí.

Ní ti ẹ̀tẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ìtìjú tó ń bá orúkọ náà rìn máa ń mú kí aláìsàn sá pamọ́. Ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá ti mú kì í mọ nǹkan lára mọ́: bí a bá fi òwú kàn án, kò ní mọ̀. Awọ tí scleroderma mú le máa ń mọ nǹkan lára, ó tiẹ̀ máa ń dùn ún. Ní ti ikọ́ ife, bí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá fi hàn pé kò sí, tí ikọ́ gbígbẹ kò sì lọ, kí dókítà wo ọwọ́ aláìsàn náà kó tó kọ oògùn ikọ́ ife fún un.

Bí dókítà ṣe ń kà á

Ní ọdún 2013, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn oríkèé-ara ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka àmì àìsàn yìí. Àmì kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì, ẹni tó bá sì pé 9 ni wọ́n ń kà sí ẹni tó ní in. Bí awọ ìka ọwọ́ méjèèjì bá le kọjá ìdí ìka wọ inú ọwọ́, èyí nìkan ti tó 9. Bí kò bá tíì débẹ̀, ìka wíwú jẹ́ 2, ìka líle jẹ́ 4, egbò orí ìka jẹ́ 2, àpá kòtò kéékèèké lórí ìka jẹ́ 3, kíkú ìka nínú òtútù jẹ́ 3, iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń hàn lójú awọ jẹ́ 2, iṣan ìdí èékánná tó ti bàjẹ́ jẹ́ 2, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ 2, àmì inú ẹ̀jẹ̀ tó bá àìsàn náà mu jẹ́ 3.

Ẹ padà sọ́dọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja wa. Ìka rẹ̀ ti le: 4. Ó ń kú nínú fírísà: 3. Ẹ̀rọ CT rí àpá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀: 2. Ó ti pé 9. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ojú àti ọwọ́ ni dókítà fi rí wọn. Ìwọ̀n líle awọ pàápàá, ìka ọwọ́ ni dókítà fi ń wọ̀n ọ́n: á fún awọ wò ní ibi 17 lára, á fún ibì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àròpọ̀ rẹ̀ kì í sì í ju 51 lọ.

Àyẹ̀wò ìdí èékánná náà kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ̀kán òróró kan lórí awọ ìdí èékánná, pẹ̀lú iná kékeré tí dókítà fi ń wo inú ojú, lè fi àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti wú tàbí tó ti parẹ́ hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ANA máa ń jáde lára aláìsàn tó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá. Bó bá jáde, àwọn àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń sọ irú ewu tó ń bọ̀: ẹni tí àmì Scl-70 bá jáde lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni ká ṣọ́ jù, ẹni tí àmì RNA polymerase III bá jáde lára rẹ̀, kíndìnrín ni.

Ìka tó ń kú nínú òtútù, ìka tó ń wú, àti ANA tó jáde: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹnì kan, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí awọ máa le. Kí wọ́n kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn oríkèé-ara lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ṣíṣọ́ ibi tí ojú kò tó

Kíndìnrín máa ń fúnni ní àkókò kékeré láti gbà á là. Láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè ru lójijì, orí á máa fọ́ ọ, ojú á máa ṣú, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Láyé àtijọ́, ikú ló sábà máa ń já sí. Ní ọdún 1990, Virginia Steen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú àwọn tí kò rí oògùn bíi captopril lò, 15 nínú 100 ló ń pé ọdún kan. Nínú àwọn tó rí i lò, 76 ni. Captopril kì í ṣe oògùn tuntun, kò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa mu ún sílẹ̀ de àìsàn náà. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbéra ni wọ́n ń lò ó, dókítà ló sì ń pinnu rẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru fi yẹ kó wà nílé aláìsàn. Kó máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 30 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà náà kò tíì jọ ti ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa wọ́n jù lọ báyìí. Fọ́tò àyà lásán lè má rí i nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n ṣe CT àyà kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe àyẹ̀wò agbára mímí ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà síra láwọn ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti ń gbàpá, oògùn wà tó lè fà á sẹ́yìn. Mycophenolate ṣiṣẹ́ tó cyclophosphamide nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, ara sì gbà á jù. Nintedanib náà fi hàn ní 2019 pé òun lè dín bí agbára mímí ṣe ń lọ sílẹ̀ kù. Kò sí èyí tó lè yí àpá tó ti di àpá padà. Ìdí rèé tí ìdúró fi léwu.

Ní ti ọkàn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò echo, èyí tó ń fi bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àní bí aláìsàn bá ní ara òun le. Kí ẹnikẹ́ni má ka èémí tó ń já nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn afárá sí ọjọ́ orí.

Oògùn tó yẹ ká sá fún

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, ẹni tí ara ń ro lè ra oògùn oríṣiríṣi tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Prednisolone tàbí dexamethasone sábà máa ń wà nínú wọn. Fún ọjọ́ díẹ̀, ara á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní scleroderma, prednisolone tó tó 15 mg lóòjọ́ tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń mú kí ewu ìkọlù kíndìnrín pọ̀ sí i. Diclofenac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ kíndìnrín. Mo bẹ àwọn kẹ́místì wa: bí oníbàárà bá ń padà wá ra oògùn ara ríro lóṣooṣù, ẹ ní kó na ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ìka rẹ̀.

Ìtọ́jú tó wà lọ́wọ́ aláìsàn

Kó máa móoru, kì í ṣe ọwọ́ nìkan, gbogbo ara ni. Ẹlẹ́ja lè wọ ìbọ̀wọ́ onírun sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa ki ọwọ́ bọ fírísà. Nifedipine tàbí amlodipine, bí dókítà bá kọ ọ́, máa ń ṣí iṣan ìka. Kó fi òrí tàbí Vaseline pa awọ lẹ́yìn ìwẹ̀, kó máa na ìka, kó sì máa la ẹnu gbàgà lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà ká kò. Kó má mu sìgá rárá. Kó jẹun díẹ̀díẹ̀, kó jẹ oúnjẹ alẹ́ kó tó di aago méje, kó gbé ìgbèrí ibùsùn sókè. Omeprazole á dín àyà títa kù. Kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà àti ti fílù. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀: mycophenolate, cyclophosphamide àti captopril lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé táìsì, tó ń fọ́ òkúta tàbí tó ń lọ̀ ọ́, ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní ọdún 1957, L. D. Erasmus kọ̀wé nípa scleroderma láàárín àwọn awakùsà wúrà ní South Africa, eruku sílíkà sì ti di ohun tí a mọ̀ pé ó lè ṣokùnfà rẹ̀. Kí wọ́n fi omi rin òkúta tàbí táìsì kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì bo imú dáadáa.

Ta ló máa so ó pọ̀?

Láti Dọ̀pẹ̀mú, Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò, LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀nà náà kò jìn tó iye ọdún tí aláìsàn ń fi wá orúkọ àìsàn rẹ̀. Ohun tó jìnnà ni ìmọ̀ láti ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní àmì mẹ́ta tí mo kà sókè, ìyẹn ìka tó ń kú nínú òtútù, ìka tó ń wú àti ANA tó jáde, kí wọ́n sì fún wọn láṣẹ láti kọ̀wé ránṣẹ́ tààrà. Òfin NHIA ti ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, Èkó sì ní ètò Ìlera Èkó tirẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara le, kí ẹ sì béèrè irú àyẹ̀wò tó wà nínú rẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ rí i dájú pé àyẹ̀wò mímí àti echo ọdọọdún wà níbẹ̀ fún irú aláìsàn báyìí, nítorí owó àyẹ̀wò kò tó owó ìfọ̀jẹ̀ tàbí ti afẹ́fẹ́ inú àgbá.

Ìwọ tó o ń kà á, wo ọwọ́ ìyá rẹ, ti ìyàwó rẹ, ti oníbàárà rẹ. Bí ìka bá ń kú nínú òtútù, tó ń wú, tàbí tí awọ rẹ̀ ń le, kọ gbogbo ohun tó ń ṣe é sórí ìwé kan ṣoṣo, láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹ jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ṣoṣo, kó lè kà á pọ̀ bí àìsàn kan. Má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.